Ìyá Àgbà tí Mo Kúnlẹ̀ Kí Lójú Àlá

Ìyá Bísí, jókòó kí n rọ́ àlá òru àná fún ọ kí nọ́ọ̀sì tó wá tú báńdéèjì ojú mi. Ó ṣì ń dà mí láàmú.

Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lánàá ni mo rí. O mọ̀ pé ó yọ awọ funfun tó bo ojú mi, ó tún lànà fún omi tó ń ti ẹyinjú látinú. Lójú àlá, ọkọ́ ló mú, ó ń gbẹ́ gọ́tà lẹ́yìn ilé wa. Ilé wa náà kọ́ o. Ó kàn jọ ọ́ ni, orí òrùlé ni ilẹ̀kùn rẹ̀ wà. Omi ojú mi ń ṣàn nínú gọ́tà, ó mọ́ gaara.

Bí mo ṣe gbójú sókè báyìí, mo ń ríran! Ìyá àgbà kan dúró tì mí, irun rẹ̀ funfun báláú. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà."

Ló bá figbe ta: "Màmi, ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ gégùn-ún fún mi ni?"

Ohùn Àdùkẹ́ ọmọ mi ni! Mo ta jí.

Àlá wo nìyẹn? Ìgbà tí mo rí Àdùkẹ́ kẹ́yìn, kí ojú mi tó fọ́, irun rẹ̀ dúdú bí kóró iṣin. Òun ni mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Ìwọ tó o ríran, ọ̀rẹ́ mi, ṣé irun ọmọ mi ti funfun ni?

Ìyá Bísí, kí ló dé tó o kàn di ọwọ́ mi mú?