Ọ̀gànwó Àwọn Ìbejì

Ewé náà já bọ́ sínú abọ́ omi àlùwàlá bí Àwáwù ṣe fẹ́ bu omi bọ́jú. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kò nílò iná kó tó mọ ibi tí ewé ti já. Ó gbójú sókè wo igi ọ̀gànwó tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Òmíràn tún ń bọ̀, ó ń rọra yí wálẹ̀ bí ẹni tí kò kánjú. Àwáwù yọ ewé kúrò nínú omi, ó jù ú nù, ó sì tún àlùwàlá rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lóṣù Agẹmọ, tí òjò ti rọ̀ tí ilẹ̀ ti mu yó, kò yẹ kí ọ̀gànwó máa wọ́wé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pààrọ̀ aṣọ. Méjì ló wà nínú ọgbà ilé Àwáwù ní Ṣakí, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan lẹ́bàá ilé ìdáná. Ti ilé ìdáná tutù yọ̀yọ̀, àwọn ẹyẹ ẹ̀gà ń pariwo lórí rẹ̀. Ti ẹnu ọ̀nà ni ewé rẹ̀ ń pọ́n láti oṣù tó kọjá, ẹ̀ka rẹ̀ kan sì ti gbẹ dànù.

Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní igi lásán ni, kí lẹ̀rù ń bà á sí? Igi lásán kọ́. Ọjọ́ tí Àwáwù bí ìbejì, tó ṣì dùbúlẹ̀ nínú ilé tí kò lè gbé ọrùn sókè, Kàdírì ọkọ rẹ̀ àti Ládòkun, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ni wọ́n gbé ibi àwọn ọmọ náà jáde. Wọ́n sin ín, wọ́n sì gbin igi sí i, bí wọ́n ti ń ṣe nínú ẹbí wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Bí igi bá ń dàgbà, ọmọ ń dàgbà. Bí igi bá ń ṣàìsàn, ẹnikẹ́ni kì í parí gbólóhùn yẹn. Wọn kì í sì í sọ igi tó jẹ́ ti ọmọ kọ̀ọ̀kan fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyá ọmọ, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọmọ níbi, ìdí igi ni yóò kọ́kọ́ yà sí. Kàdírì gbé ọ̀rọ̀ náà wọ sàréè. Ládòkun nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n.

Àáfà àdúgbò ti bá Àwáwù wí rí pé ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ kò bá ẹ̀sìn mu, ó sì gbà. Lọ́sàn-án, ó gbà pátápátá. Bílẹ̀ bá ti ń ṣú, á tún yọjú wo igi.

Táíwò ti gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ, ó ní iṣẹ́ wà ní Líbíà. Àgádẹ́sì, ìlú kan létí aṣálẹ̀, ló ti pè kẹ́yìn. Ó ń rẹ́rìn-ín, ariwo ọkọ̀ ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ra yé. Láti ìgbà náà, obìnrin inú fóònù yẹn ló ń dá Àwáwù lóhùn pé nọ́ńbà náà kò lọ. Kẹ́hìndé tó kù nílé, bíríkìlà ni, orí àkàbà ló ń gbé, eruku sìmẹ́ńtì sì ti fún un ní ikọ́ kan tí kò fẹ́ lọ. Èyí tó jìnnà ń bà á lẹ́rù, èyí tó wà nítòsí náà ń bà á lẹ́rù. Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Níbi ìsìnkú arúgbó, tẹ̀rín-tẹ̀rín ni wọ́n ń pa òwe yẹn. Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn máa pa á fún ara rẹ̀ ní ìdájí.

Ó kírun tán, ó wé gèlè. Kẹ́hìndé ti jáde, ó ń wúkọ́, ó gbé ọwọ́ bo ẹnu kí ìyá rẹ̀ má baà gbọ́.

"Mò ń lọ sí Àgọ́-Àmọ́dù," Àwáwù wí.

"Ọ̀dọ̀ Bàbá Ládòkun?"

"Ẹ̀n."

Kẹ́hìndé wo gbogbo ewé tó wà nílẹ̀. Kò béèrè ohun tí ìyá rẹ̀ ń lọ ṣe. Ó mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá wọn jọ.

Ọlọ́kadà tó gbé Àwáwù, Muhydeen lorúkọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó ń sọ ti epo tó wọ́n, ó ń sọ ti màlúù tó jẹ oko ẹ̀gẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀n ẹ́n" ni Àwáwù ń fi dá a lóhùn. Òjò ti ṣú dẹ̀dẹ̀ sórí òkè Àsabàrí lẹ́yìn wọn, atẹ́gùn ń dorí àgbàdo kodò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó di irin ìjókòó mú, ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà.

Ọlọ́run, má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ ti Táíwò.

Ó tún un sọ. Má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ ti Táíwò, Táíwò tí ara rẹ̀ kò le láti kékeré, Táíwò tí kò sí ẹni tí yóò bu omi fún un nínú iyanrìn yẹn. Nígbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta ló tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Igi kan ń kú. Ọmọ méjì ni. Bí kì í bá ṣe ti Táíwò, ti ta ni?

Ó la ojú. "Rọra sáré," ó sọ fún Muhydeen, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kadà kò sáré rárá.

Ládòkun jókòó sábẹ́ òrùlé ìta, ó ń bó àgbàdo. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ó mọ ìró ẹsẹ̀ ìyàwó àbúrò rẹ̀. Àwáwù kúnlẹ̀.

"Ìyá Ìbejì. Ṣé kò sí o?"

"Bàbá, ọ̀kan nínú igi yẹn ń kú."

Ọwọ́ bàbá dúró lára àgbàdo. "Èwo?"

"Ti ẹnu ọ̀nà."

Ìbéèrè tó gbé e wá ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ó sì kọ̀, kò jáde. Ẹ̀rù ìdáhùn bà á ju ẹ̀rù àìmọ̀ lọ.

"Kí lẹ ṣe sí i nídìí?" Ládòkun bi í.

"A ò ṣe nǹkan kan, Bàbá. Àgbàlá ló ń ṣẹrẹ̀, ni mo bá ní kí Kẹ́hìndé da kọnkéré sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn."

"Ó dé ìdí igi?"

"Ó yí i ká. Ó dán, ó mọ́ tónítóní."

Bàbá pòṣé. "Ẹ ti fún un lọ́rùn. Abẹ́ ilẹ̀ ni igi ti ń mí, ibẹ̀ náà ló ti ń mumi. Ẹ fọ́ kọnkéré yẹn kúrò, kó jìnnà dé ibi tí òjìji ẹ̀ka rẹ̀ dé. Ẹ rọra ṣe é, kí irin má bó gbòǹgbò. Ẹ wá kó ewé tó ti jẹrà bo ilẹ̀ ibẹ̀, ṣùgbọ́n kó má kan ara igi. Bí kò bá tíì pẹ́ jù, á rúwé."

Àwáwù fi fóònù pe Kẹ́hìndé níbẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un bó ti gbọ́ ọ. "Ó dáa, Màmá," ni Kẹ́hìndé wí, ikọ́ sì gba ẹnu rẹ̀. Ikọ́ yẹn ló tú ahọ́n Àwáwù.

"Bàbá, ti ta ni igi náà?"

Ládòkun rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tó rántí òkú tó fẹ́ràn. "Gbogbo ọdún yìí, ìyẹn lo ń rò? Ìkòkò kan ni a kó ibi àwọn méjèèjì sí. Kàdírì ní àwọn tó jọ gbé inú kan, òun kò ní yà wọ́n. Àárín ọgbà ló wà, a gbin igi kan sí apá ọ̀tún, a gbin ọ̀kan sí apá òsì. A ò pín in."

Ó yẹ kí inú Àwáwù dùn. Ó dúpẹ́, ó ṣe bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kadà ṣe ń darí lọ sí Ṣakí nínú ọ̀wààrà òjò, ọ̀rọ̀ Ládòkun ló ń rò ṣáá. Wọn kò pín in, òun ti pín in. Lórí ọ̀nà yìí kan náà ló ti mú ọ̀kan, tó fi ọ̀kan sílẹ̀. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi í fún ẹkùn pa jẹ. Kẹ́hìndé kò tilẹ̀ burú rí.

Òjò ti dá nígbà tó wọlé. Kẹ́hìndé wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí igi, òòlù lọ́wọ́, ẹ̀wù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó ti fọ́ èyí tó pọ̀ nínú kọnkéré tí òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ dán. Ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn lábẹ́ rẹ̀ gbẹ, ó funfun bí eérú, nínú òjò Agẹmọ.

"Màmá, ẹ káàbọ̀."

Àwáwù kò lè wo ojú rẹ̀. "O ò bá ti sinmi kí òjò kọ́kọ́ dá."

Kẹ́hìndé gbé òòlù sílẹ̀. "Bí Bàbá bá sọ fún yín pé tèmi ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pa mọ́ fún mi."

"Kí ló dé?"

"Kí ọkàn mi lè balẹ̀ ni. Láti ìgbà tí ewé ti ń já ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ tèmi." Ó nu omi kúrò lójú, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ojú ń tì. "Èmi ni ẹ̀gbọ́n, àbí? Èmi ni mo rán an pé kó lọ wo ayé wá."

Àwáwù sọ fún un pé ìkòkò kan ni, pé wọn kò pín in. Kẹ́hìndé mi orí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ewé kan tún já, ó bọ́ sí i léjìká. Kò mọ̀.

Àwáwù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi apá méjèèjì gbé èyí tó tóbi jù nínú àfọ́kù kọnkéré náà.

"Màmá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ó wúwo jù fún yín."

Kò fi í sílẹ̀. Ó gbé e mọ́ àyà, ó ń rìn lọ sẹ́yìn ọgbà.