Ẹni Tí Màmá Rí Bú

Ètò orí kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ ní lọ́ńdìrì Màmá wa, ọ̀kan kì í sì í kí èkejì. Bọ̀dá wa àgbà ló mú èyí tó ń gba aṣọ wọlé wá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú èyí tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà, ọkọ rẹ̀ sì mú tàwọn dírẹ́bà. Bí orogún mẹ́ta ni wọ́n ṣe wà nínú kọ̀ǹpútà kan náà.

Òtẹ́ẹ̀lì tó ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì fún wa fọ̀ kó lọ sílé tuntun. Bọ̀dá tún àdírẹ́sì wọn ṣe nínú tirẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Dírẹ́bà bá gbé aṣọ lọ sílé àtijọ́, tó ti di ilé ìwòsàn. Àwọn nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ fáwọn aláìsàn, wọ́n tún pè wá, wọ́n dúpẹ́. Máníjà òtẹ́ẹ̀lì ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, òun ń wá lọ́ńdìrì míì lọ. Òtẹ́ẹ̀lì yẹn ló sì ń bọ́ ìdajì ilé wa.

"Tèmi ò ṣì í," ni Bọ̀dá wí.

"Tèmi kì í gbé aṣọ," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn.

Ọkọ rẹ̀ ní, "Màmá, ibi tí wọ́n bá ní ká lọ là ń lọ."

Màmá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ó dáa. Aṣọ ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ gba abẹ́rẹ́."

Ó bá ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ta ètò. Alákànpọ̀ là ń pè é, torí ó ní ètò òun kan ṣoṣo á ṣe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Alágbàtà ló ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n, Màmá. Ibi kan lẹ ó ti yí i, ibi gbogbo ni yóò yí dé."

"Bó bá dákú ńkọ́?" Bọ̀dá bi í. "Tiwa, bí ọ̀kan bá ń ṣàìsàn, méjì á ṣì máa jẹun."

"Wọ́n ń jẹun lóòótọ́," Màmá ní. "Iṣẹ́ wọn ni n ò rí."

Alákànpọ̀ kó àdírẹ́sì àwọn oníbàárà sínú ètò rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló ti kó o, kò sì béèrè bóyá ó ti tún ti òtẹ́ẹ̀lì ṣe. Dírẹ́bà ti gbéra kí fóònù Màmá tó dún. Máníjà òtẹ́ẹ̀lì ni.

"Màmá, wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé aṣọ mi ń lọ sílé ìwòsàn. Ṣé ẹ ti gba bẹ́ẹ̀dì fún mi níbẹ̀ ni?"

Bọ̀dá rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Òótọ́ ni Alákànpọ̀ sọ: ibi kan ló ti ṣì í, ibi gbogbo ló ṣì dé. Ọ̀dọ́kùnrin náà sáré tún un ṣe. Àdírẹ́sì yí padà lórí fóònù dírẹ́bà lójú ọ̀nà, òun náà yí ọkọ̀ padà. Kò pẹ́ tí máníjà tún pè pé aṣọ òun ti dé.

Alákànpọ̀ ti ń pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ."

"Lọ síbo? Jókòó. Tìẹ la ó máa lò. Nígbà tí tàwọn ọmọ mi ṣì í, mo wá ẹni tí mo máa bú títí, n ò rí. Tìẹ, mi ò tíì la ẹnu, o ti dọ̀bálẹ̀."