Ẹ̀rọ Ní Ara Màmá Le

"Ta ló ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì Màmá Ràfíátù?"

Usamah bèèrè é sókè, láàárín àgbàlá ilé olóògbé Alhaji Rájí ní àdúgbò Adabraka, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Obìnrin ayálégbé kan tó ń fọṣọ tẹjú mọ́ ọṣẹ. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń mu kókó lórí bẹ́ǹṣì wojú ara wọn, wọ́n sì padà sídìí kókó wọn. Alhaji Mísbáù, àbúrò olóògbé, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára tẹ̀sùbáà tó ń fà.

"Ìwọ ọmọ kọ̀ǹpútà yìí, o tún ti dé," ló wí. "Ṣé mi ò sọ fún ọ pé opó ń bẹ nínú ilé? Oṣù mẹ́rin òun ọjọ́ mẹ́wàá ni opó fi ń jókòó. Ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí kò gbọdọ̀ rí i."

"Mo gbọ́, Alhaji. N kò ní kí n rí wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kàn dá mi lóhùn láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé."

"Ó ń sùn."

Ọ̀rọ̀ oorun yìí gan-an ló gbé Usamah wá. Rasheedah, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá Ràfíátù, opó Alhaji Rájí, bí, ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ pé kó fi ẹ̀rọ mẹ́rin ṣọ́ ìyá òun tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra. Ọ̀kan wà lábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì, ó ń ka èémí àti lílù ọkàn. Ọ̀kan wà lára ilẹ̀kùn, ọ̀kan lára fìríìjì. Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀gbà ọwọ́ tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ètò tí Usamah kọ ń kó ohun tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí pọ̀, á sì fi gbólóhùn kan ránṣẹ́ sórí fóònù Rasheedah.

Nígbà tí Alhaji Rájí kú, Alhaji Mísbáù bọ́ ẹ̀gbà náà lọ́wọ́ opó. Ọ̀ṣọ́ ni, ó ní, opó kì í sì í ṣe ọ̀ṣọ́. Usamah mọ̀ pé ó yẹ kí òun jiyàn. Kò jiyàn. Ó jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní kí ètò náà gbàgbé ẹ̀kẹrin: bí mẹ́ta bá ti fohùn ṣọ̀kan, ó tó. Láti ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ méje gbáko, ojoojúmọ́ ni fóònù ń sọ pé ara Màmá le. Inú Rasheedah dùn débi pé ó ní kí nọ́ọ̀sì tó ń wá wo ìyá rẹ̀ lọ́ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ dáwọ́ dúró.

Àná ni Usamah, ẹni tí ohun tó bá rú u lójú kì í jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́, tó to àwọn àkọsílẹ̀ náà síra. Ọkàn tó ń lù nígbà mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ní ìṣẹ́jú kan ti di méjìdínlọ́gọ́ta. Ilẹ̀kùn tó máa ń ṣí kí ìrun àsùbáà tó tó kò mira mọ́ títí aago mẹ́wàá fi ń lù. Fìríìjì ń ṣí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́. Lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun ayọ̀ ni wọ́n: ọkàn balẹ̀, oorun dùn, oúnjẹ ń wọlé. Ṣùgbọ́n bí a bá so wọ́n pọ̀, kì í ṣe Màmá.

Ilẹ̀kùn yàrá Màmá ṣí. Múdàṣírù, àkọ́bí Alhaji Mísbáù, géńdé tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, jáde, ó ń yán, táwẹ́ẹ̀lì ń bẹ lọ́rùn rẹ̀.

"Chale, ọ̀rẹ́ mi, ariwo kí ni?"

"Màmá dà?" Usamah bi í.

Alhaji Mísbáù rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé! Ṣebí ẹ̀rọ yín ló ní ara rẹ̀ le? Àbí ẹ̀rọ òyìnbó náà ń parọ́ ni?"

Usamah yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí bẹ́ǹṣì àwọn tó ń mu kókó lọ ni ilé ìdáná wà, páànù lórí, kò nílẹ̀kùn. Láàárín àpò èédú àti dúrọ́ọ̀mù omi, lórí páálí tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, obìnrin kan dùbúlẹ̀ nínú aṣọ opó. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ká sábẹ́ rẹ̀ bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, Usamah ló ń wò. Ó la ẹnu bí ẹni fẹ́ dáhùn. Itọ́ ló jáde.

Obìnrin tó ń fọṣọ gbé korobá wá bu omi.

"Àgò o, Màmá."

Ó dúró díẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹsẹ̀ Màmá lè sún fún un. Ẹsẹ̀ kò sún. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sì gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ láìwo ilẹ̀, bí ẹni tó ti mọ ibi tí òun máa ń gbé ẹsẹ̀ lé.