Ojú Ìyá Ṣáhátà àti Ẹyin Méjìlá

Ẹ̀jẹ̀ mi máa ń gbóná kí omi tíì tó hó. Ìyá mi sọ bẹ́ẹ̀ títí tó fi kú, gbogbo àdúgbò wa ní Fáyúùmù, nílẹ̀ Íjíbítì, ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Torí náà, nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ẹnikẹ́ni má gbèjà mi. Mo jẹ̀bi.

Ohun méjì ni ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi. Ọ̀kan ni abọ́ amọ̀ ńlá tó fi ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Èkejì ni ìran adìyẹ kan tó gbà lọ́wọ́ ìyá tiẹ̀, àwọn adìyẹ kéékèèké tí ọrùn wọn funfun báláú, tí ìyókù ara wọn jẹ́ dúdú òun funfun. Lọ́dún yìí, ẹyọ kan péré ló kù, Fàdákà, tó ń gbé nínú àgò ọwá ọ̀pẹ lórí ilé mi. Ajá ti gbé àkùkọ rẹ̀ lọ létí odò lọ́jọ́ kẹta tó bẹ̀rẹ̀ sí í sàba. Ẹyin méjìlá ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bí wọn ò bá pa, ìran adìyẹ ìyá mi ti parí nìyẹn, torí kò sí àkùkọ tí yóò tún un ṣe.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún tó ti ń sàba bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀. Mo gun orí ilé láàárọ̀, mo bá Fàdákà tó dúró lẹ́bàá ògiri, ó fi ẹyin sílẹ̀. Ogbe orí rẹ̀ tó máa ń pọ́n bíi tòmátì ti ṣá pátápátá. Mo gbé e padà sórí ẹyin. N kò tíì mu tíì mi tán tó tún ti dìde, tó ń jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń fi ẹnu họ abẹ́ apá ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Ó tún padà fúnra rẹ̀. Ó tún dìde.

"Ojú ni," mo sọ fún ara mi. "Wọ́n ti fi ojú burúkú wò ó."

Mo sì mọ ẹni tí mo fura sí. Ìyá Ṣáhátà ni aládùúgbò mi, ògiri kúkúrú kan ló la orí ilé rẹ̀ àti tèmi, ó sì fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Lọ́jọ́ Ajé ló wá yá asẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó yọjú wo inú àgò, ó ní, "Ẹyin méjìlá, lábẹ́ adìyẹ tí kò ju ìkúùkù lọ." Ó rẹ́rìn-ín, ó gba asẹ́, ó lọ. Kò sọ Màṣáálà, ọ̀rọ̀ tí kì í jẹ́ kí ojú burúkú wọ nǹkan. Obìnrin tó sin ọmọ mẹ́ta, tó wá sọ ìkẹrin ní Ṣáhátà, ìyẹn Alágbe, kí ojú ayé má baà gbé e lọ. Bí gbogbo èèyàn bá gbàgbé pé a kì í ka nǹkan ẹlòmíì láì sọ Màṣáálà, ṣé òun náà ló yẹ kó gbàgbé?

Apá èmi náà ti ń yún mi láti àná. Mo ní ojú ọ̀hún ti ràn mí.

Mo so ìlẹ̀kẹ̀ búlúù mọ́ àgò. Mo da iyọ̀ síná. Lẹ́yìn náà mo gé bèbí pépà, mo mú abẹ́rẹ́, mo ń gún un, ẹ̀ẹ̀kan fún aládùúgbò kọ̀ọ̀kan, bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe, kí n tó sun ún. "Kúrò lára rẹ̀, ojú Hánímù. Kúrò lára rẹ̀, ojú Inṣírà. Kúrò lára rẹ̀, ojú ìyàwó ẹlẹ́rọ ìlọta." Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni mo gún àwọn yẹn. Nígbà tí mo dé orí Ìyá Ṣáhátà, mo gún un lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì fi igbe sí i. Mo gbàgbé pé orí ilé kì í ṣe inú yàrá.

"Gún un lẹ́ẹ̀kẹrin, Ìyá Bádáwì," ohùn kan sọ láti òdì kejì ògiri. "Ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn ò tíì wọlé dáadáa."

Ìyá Ṣáhátà ni, ó ń sá aṣọ. Aṣọ tútù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń kán sí i lẹ́sẹ̀.

"Ṣé ojú mi nìyẹn tí o ń fi abẹ́rẹ́ gún?"

Ó yẹ kí n bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ mi ò gbà. "Ìwọ lo ka ẹyin mi," mo ní. "Ìwọ lo ò sọ Màṣáálà. Wá wo nǹkan tí o ṣe."

Ìwọ. Ọwọ́ obìnrin yìí ni Bádáwì ọmọ mi bọ́ sí nígbà tí mo bí i, mo wá la ẹnu, mo pè é ní ìwọ.

Kò bá mi jà. Ì bá sàn ká jà. Ó fi aṣọ náà lé orí okùn, ó ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó gun ògiri kọjá. "Yẹra fún mi," ó ní. "Jẹ́ kí n wo iṣẹ́ tí ojú mi ṣe."

Ó kúnlẹ̀ sẹ́bàá àgò. Fàdákà tún ti dìde, ó dúró sí kọ̀rọ̀. Ìyá Ṣáhátà ki ọwọ́ bọ abẹ́ koríko ìtẹ́ títí dé ìgúnpá, ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá yọ ọ́ sínú oòrùn.

"Wá wo ojú mi," ó ní. "Ó ti ń rìn."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Mo kọ́kọ́ rò pé ata gígún ló dà sí i lápá. Ata náà ń rìn. Òmíràn rí bí eérú, òmíràn pupa rokoṣo, kò sì sí èyí tó tó orí abẹ́rẹ́ tí mo fi ń gún bèbí.

"Yòrò," mo ní.

"Yòrò. Ẹ̀jẹ̀ adìyẹ rẹ nìyẹn nínú àwọn tó pọ́n. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀, o sì jókòó tì í, ò ń gún pépà." Ó gbọn ọwọ́. "Èyí kéré ṣá. Àwọn tó wá jẹun nìyí. Wọn kì í sùn sára adìyẹ, wọ́n nílé tí wọ́n ń lọ."

"Níbo nilé wọn wà?"

Ó wo àgò náà, ó wò mí. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àgò ọwá ọ̀pẹ: wọ́n á dá ihò sí ọ̀kan, wọ́n á ki òmíràn bọ̀ ọ́, kò sí ìṣó, kò sí okùn. Ihò bí ọgọ́rùn-ún ló wà lára ẹyọ àgò kan. Ìyá Ṣáhátà fa ọwá kan yọ. Ó gba ọ̀bẹ tí mo fi gé bèbí lọ́wọ́ mi, ó la ọwá náà láti òkè délẹ̀, ó ṣí i bí èèyàn ṣe ń ṣí ìwé.

Ara mi bù máṣọ. Ìlú odindi ló wà níbẹ̀. Wọ́n gun ara wọn lórí, ìran lórí ìran, àwọn àgbà tó yó, àwọn ọmọ funfun tí kò tíì jẹun rí, ẹyin wọn tó tò lọ bí iyọ̀. Bí oòrùn ṣe kàn wọ́n, gbogbo wọn gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, igi náà sì dà bí ohun tó ń mí. Mo ti ń gbé àgò yìí kiri láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Mo ti gbé e mọ́ra. Èmi tí mo mọ iye ìgbà tí ìyàwó ẹlẹ́rọ ìlọta ń gbálẹ̀ lóòjọ́, n kò mọ̀ pé ayé kan wà lórí ilé mi tí ń bímọ, tí ń jẹ, tí ń sùn, tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé a bí mi.

"Sùbúhánálláhì," Ìyá Ṣáhátà sọ jẹ́jẹ́. "Ọlọ́run fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹsẹ̀. Ó mọ iye wọn."

Ibi tí a ti ń wò ó ni Fàdákà ti gba àárín wa kọjá. Kò wò wá. Ó wọ inú àgò náà lọ, inú ilé àwọn tí ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó rọra fi àyà rẹ̀ tó ti gbẹ lé ẹyin, ó sì pajú dé. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà yẹn ni mo bú sẹ́kún. Ìgbà mélòó ló ti padà síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí mo ń sọ pé ó ń sá fún ẹyin?

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," mo ní. "Ẹ má bínú sí mi."

"Ẹkún yẹn ò pa yòrò. Lánàá ni mo yan búrẹ́dì, eérú ààrò mi ti tutù. Asẹ́ rẹ ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Lọ fi ku eérú náà wá, kó kúnná bí ìyẹ̀fun."

Mo sáré lọ, mo sáré bọ̀. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ Fàdákà mú, tí mo ká apá rẹ̀ sókè. Òun ló ń fi eérú ra á lára, abẹ́ apá, itan, ìdí, ọrùn, ó ń la ìyẹ́ níyà kó lè dé awọ. Nígbà tó dé orí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú adìyẹ náà. "Ká má jẹ́ kó kó sí i lójú," ó ní. "Ọ̀rọ̀ ojú ò ṣeé fi ṣeré ládùúgbò yìí."

Mo tẹ orí ba, mo di ẹsẹ̀ adìyẹ mú.

A fi aṣọ gbígbẹ nu ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Ṣáhátà di ìkẹta mú sínú ìkúùkù, ó gbé e kọjú sí oòrùn, ó ní kí n wò ó. Inú ẹyin náà ṣókùnkùn, àfi ìdí rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ gbà kọjá. Mo wò, mo wò. Òkùnkùn náà yí ẹ̀gbẹ́ padà, bí ọmọ ṣe ń yí lójú oorun.

A gbé àgò náà lọ jó nínú ààrò Ìyá Ṣáhátà, òun àti koríko àti ìlẹ̀kẹ̀ búlúù. Ó dún pẹ́pẹ́pẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Mo da omi gbígbóná sí ẹsẹ̀ ògiri níbi tí àgò wà, mo tún fi kẹrosíìnì ra gbogbo ibi tó là. Mo wá sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé abọ́ amọ̀ ìyá mi, torí amọ̀ ò ní ihò. Mo tẹ́ koríko tuntun sínú rẹ̀, mo to ẹyin méjèèjìlá sí i, mo fi aṣọ ta ibòji lé e lórí.

Fàdákà ò sún mọ́ ọn. Ó yí abọ́ náà ká, ó wò ó bí ilé àjèjì. Ó lọ sí ibi tí àgò rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, ó dúró sórí ilẹ̀ tútù, ó ń pe ẹyin tí kò sí níbẹ̀. Mo fẹ́ gbé e, Ìyá Ṣáhátà gbá mi lọ́wọ́.

"Fi í sílẹ̀. O ti wò ó jù. Lórí ilé yìí lónìí, ojú tìẹ gan-an ni mo ń bẹ̀rù."

A lọ jókòó sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn. Wọ́n pe ìrun Jímọ̀, wọ́n kí i tán, àwọn ọkùnrin ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ nísàlẹ̀, a ò tíì mira. Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ èékánná lórí amọ̀. Lẹ́yìn náà, koríko dún. Lẹ́yìn náà, kò sí ìró kankan mọ́. Ìyá Ṣáhátà gbá mi lórúnkún mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. Lọ́jọ́ karùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, tí a tún fi eérú ra Fàdákà, torí ẹyin yòrò máa ń pa lẹ́yìn téèyàn bá rò pé ogun ti tán, odò ni Ìyá Ṣáhátà kọjú sí látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ń di ẹsẹ̀ adìyẹ mú, kò wò ó. Bó bá ń sá aṣọ lórí ilé rẹ̀, á kẹ̀yìn sí wa. Mo ní kó wá wo bí ogbe ti ń pọ́n padà. Ó ní, "Rárá o. Abẹ́rẹ́ tí wàá fi gún mi wọ́n." Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́. Ẹ̀rín náà ò dé ibi kankan.

Lọ́jọ́ kọkànlélógún tí Fàdákà ti ń sàba, bí oòrùn ṣe yọ, mo gbọ́ ohùn tíntín kan nínú abọ́ amọ̀. Mo gun ògiri, mo lọ kan ilẹ̀kùn Ìyá Ṣáhátà. Ó tẹ̀ lé mi, ṣùgbọ́n bó ṣe dé orí ilé mi, ó fa ìborí rẹ̀ bo ojú méjèèjì.

"Sọ ọ́ fún mi," ó ní. "Etí mi ò ṣe èèyàn níbi."

Mo kúnlẹ̀ fún un lórí ilẹ̀ gbígbẹ yẹn, èmi tí orí kunkun mi ò jọ ti ẹnikẹ́ni. Mo fi ọwọ́ ara mi ká ìborí náà sókè.

"Ẹ wò ó, mà," mo ní. "Ẹ fi ojú yín méjèèjì wò ó. Ẹ bá mi kà wọ́n."

Ó wò. Fàdákà gbé apá sókè díẹ̀. Ẹyin kan ń là lọ́wọ́, ẹnu ọmọ inú rẹ̀ ń jáde, ó ń sinmi, ó tún ń jáde. Ìyá Ṣáhátà tẹ̀ títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan abọ́. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀, kò nù ún. "Ọ̀kan," ó ní. "Méjì. Mẹ́ta." Ó ka ẹyin náà dé mẹ́sàn-án, omi ojú dí i lọ́wọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo dúró kó sọ Màṣáálà. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò rántí. Èmi ni mo bá a sọ ọ́.