Awùjẹ Ìyá Clément

Ẹ̀wà ń ta nínú iná. Agathe kọ́kọ́ rò pé igi tútù ló ń dún bẹ́ẹ̀, ó tún fi ọ̀pá ti ìtàkùn gbígbẹ tó ń sun wọ inú iná dáadáa. Ó tún ta, pàó! Nǹkan kan fò jáde, ó balẹ̀ sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rọra bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Ẹyọ awùjẹ kan ni, ẹ̀wà pẹlẹbẹ, funfun tó ní àmì pupa lójú, ìdajì rẹ̀ ti di èédú.

Ó gbójú wo ọgbà igi tó yí ẹ̀yìnkùlé ká. Ọgbà mọ́ roro. Láti àárọ̀ ló ti ń fa ìtàkùn tó wé mọ́ ọn, tó ń kó o jọ, tó ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì sínú. Gbogbo ewé ìtàkùn náà ló ti rẹ̀ dànù nínú ọ̀dá oṣù kẹjọ, kò yàtọ̀ sí ohun tó ti kú. Pobẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ Agathe dàgbà, nílé àwọn màsẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin ìjọ Kátólíìkì aláṣọ funfun. Wọ́n kọ́ ọ pé kí ó máa dúpẹ́ ohun gbogbo, títí dórí ife omi, wọ́n sì kọ́ ọ pé ohun tó bá ti gbẹ nínú oko ẹ̀yìnkùlé, kí ó fà á tu kí ó dáná sun ún. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ní Kétu, ohun tó gbẹ ni wọ́n ń ṣọ́ jù.

Oṣù kẹsàn-án ni, ọdún kejì tí Dàhòmẹ̀ gba òmìnira. Òjò àrọ̀kúrò, òjò ìgbẹ̀yìn ọdún, kò tíì rọ̀ dáadáa. Wọ́n ti to àwọn àmù sábẹ́ òrùlé, wọ́n ya ẹnu sílẹ̀ de òjò, nítorí omi Kétu kì í ṣe ohun àfiṣeré. Labalábá ń fò lórí efinrin, ó ń bà, ó ń dìde, bí ẹni pé oòrùn fúnra rẹ̀ ń tòògbé. Oyún Agathe ti pé oṣù méje. Láti ìgbà tí ikùn yẹn ti yọ ló ti ń rìn bí ẹni tó wà lójú oorun. Á mú ìgbálẹ̀ dání, á gbàgbé ohun tó fẹ́ gbá. Ẹni tí kò bá gbà pé oyún ń ṣe ènìyàn bẹ́ẹ̀, kí ó lọ lóyún.

Ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Clément, ti lọ sí Odomẹ̀ta láti ọjọ́ márùn-ún, ó lọ gba iṣu tuntun lóko àbúrò rẹ̀. Ọ̀la ló ń bọ̀. Agathe fẹ́ kí ó bá ẹ̀yìnkùlé ní mímọ́ ni.

Ọ̀sán ni Clément ọkọ rẹ̀ dé lórí kẹ̀kẹ́. Abẹ́rẹ́ ló ń gún nílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n gbogbo Kétu ti sọ ọ́ di dókítà láìbi í léèrè ìwé ẹ̀rí.

“Kí lo ń sun?” ló bi í.

Agathe na ẹyọ awùjẹ náà sí i. Clément wò ó, ó wo ọgbà, ó sì wá àpótí jókòó lé.

“Gbogbo rẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìyókù wà nínú ilé?”

“Kò sí. Kòkòrò kì í jẹ́ kí ó pẹ́ nínú ìkòkò. Ìdí nìyẹn tí Ìyá fi ń gbìn ín lọ́dọọdún.” Ó gba ẹyọ awùjẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. “Agathe, nígbà tí wọ́n fọ́ Kétu, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn lẹ́rú lọ sí Àgbọ̀mẹ̀, ìyá tó bí Ìyá wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀, nǹkan méjì péré ló gbé bọ̀ wálé. Ó pọn Ìyá sẹ́yìn, ó sì so awùjẹ yìí mọ́ etí ìró.”

Agathe jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ìyá Clément kò pè é ní àjèjì rí. Òun ló ń bu omi gbígbóná fún un láàárọ̀, òun ló ń fi òrí pa á lẹ́sẹ̀ tó wú. Ogún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni òun wá fi iná sun.

“Má sunkún mọ́,” ni Clément wí. “Jẹ́ ká sọ pé ewúrẹ́ ló wọlé.”

“Ewúrẹ́ ta ni?”

Clément rẹ ohùn sílẹ̀. “Ti Ìyá Ràmọ́nù. Kíá ni Ìyá máa gbà á gbọ́.”

Ìyá Ràmọ́nù, Fàsílátù, ló ni ilé kẹta sí tiwọn. Ọ̀rẹ́ Ìyá Clément ni láti kékeré. Àwọn méjèèjì ti jọ sọ ọ́ pé Clément ni yóò fẹ́ Àyìsátù, ọmọ Fàsílátù, ṣùgbọ́n Clément lọ ṣiṣẹ́ ní Pobẹ̀, ó sì mú Agathe bọ̀. Ọdún kẹta rèé tí àwọn ìyá méjèèjì kò kí ara wọn. Bí wọ́n bá pàdé lọ́nà, Ìyá Clément á gbójú sókè, á máa wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń wá òjò.

“Kò ní ṣẹlẹ̀,” ni Agathe wí, ó nu ojú. “Mo ti gba ọkọ ọmọ wọn. Ẹ tún fẹ́ kí n purọ́ mọ́ ewúrẹ́ wọn?”

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ó lọ sílé Fàsílátù fúnra rẹ̀, bóyá irú awùjẹ náà á wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ àtijọ́. Ó rí i lára ọgbà wọn kí ó tó wọlé: ìtàkùn gbígbẹ, èèpo awùjẹ tó so rọ̀ bẹ̀rẹ̀kẹ̀tẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà.

“Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Ìyá.”

Fàsílátù ń pa ẹ̀gúsí. Ó wo ikùn rẹ̀ kí ó tó wo ojú rẹ̀. “Ìyàwó dókítà. Kí ló gbé ọ dé ọ̀dọ̀ wa?”

Agathe sọ gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ Fàsílátù dúró lórí ẹ̀gúsí.

“Kí ni ọkọ rẹ wí?”

“Wọ́n ní kí a sọ pé ewúrẹ́ yín ló jẹ ẹ́.”

“Èyí tí mo pa lọ́jọ́ Iléyá?” Ẹnu Fàsílátù fẹ́ yà sí ẹ̀rín, ó kó o jọ padà. “Dìde, ilẹ̀ tutù. Ọdún tí mo bí Àyìsátù ni ìyá ọkọ rẹ bu awùjẹ yìí fún mi. N kò dúpẹ́ o. A kì í dúpẹ́ irúgbìn. Tí a bá dúpẹ́ rẹ̀, kò ní hù. Ṣùgbọ́n n kò gbà á lọ́wọ́ rẹ, n kò sì ní dá a padà fún ọ. Kí òun fúnra rẹ̀ wá.”

“Bí wọn kò bá wá ńkọ́, Ìyá?”

“Kí ó lọ ra ẹ̀wà lọ́jà.”

Kùrukùru ṣì bo ilẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì nígbà tí Ìyá Clément dé, apẹ̀rẹ̀ iṣu lórí. Agathe bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì jẹ́wọ́. Ti ewúrẹ́ nìkan ni kò sọ. Ìyá àgbà náà rìn lọ sídìí ọgbà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra àwọn igi tó ṣófo náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ síbi eérú, ó ń fi ìka wá inú rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ìrì ń kán láti ewé ìbẹ́pẹ.

“Fàsílátù ní kí n wá fúnra mi?”

“Wọ́n ní bẹ́ẹ̀, Ìyá.”

“Kò ì yí padà.”

Ó jókòó, kò mu omi, kò tú gèlè. Ọdún mẹ́ta kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta, ó sì mọ̀ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ ni yóò gbé ìtìjú náà. Agathe kò lè wo ojú rẹ̀. Nígbà tí kùrukùru ká tán, Ìyá Clément dìde, ó yan iṣu tó tóbi jù nínú apẹ̀rẹ̀. Agathe sáré na ọwọ́.

“Fi sílẹ̀, wo ikùn rẹ. Èmi ni n ó rù ú. Ṣáà tẹ̀ lé mi.”

Fàsílátù wà lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí kò sùn. Kò sẹ́ni tó kí ẹnì kejì. Ìyá Clément sọ iṣu kalẹ̀.

“Iṣu tuntun Odomẹ̀ta.”

“Mo rí i.”

Fàsílátù fa etí ìró rẹ̀, ó tú u. Ó ti pa awùjẹ náà sílẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ méjì. Ó dà á sọ́wọ́ Ìyá Clément, Ìyá Clément sì yí padà, ó da ìdajì sọ́wọ́ Agathe. “Tìrẹ, àti ti ẹni tó ń bọ̀.”

Ọkàn Agathe kún. Ẹ̀kọ́ àwọn màsẹ́ẹ̀ sì sáré dé ẹnu rẹ̀. “Ẹ ṣ—”

“Pa ẹnu mọ́!” ni àwọn ìyá méjèèjì ké lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọ́n wo ara wọn. Fàsílátù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó di òpó ilẹ̀kùn mú. Ìyá Clément rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì tán, omi náà kò dá.

“Òjò ń bọ̀,” ni Fàsílátù wí, ó ti àpótí sún mọ́ ọn. “Jókòó.”

Ìyá Clément gbójú sókè, ó wo ojú ọ̀run bó ti ṣe máa ń wò ó láti ọdún mẹ́ta. Òjò ń bọ̀ lóòótọ́. Ó nu ojú, ó sì jókòó.