Kókó Kan Láàárín Ọ̀nà

Aránṣọ ni ìyàwó, káfíńtà ni ọkọ. Ṣùgbọ́n bí ọkọ bá ti gbé ayùn sílẹ̀, ìrìn ló kù. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló ń fẹsẹ̀ ya máàpù ọ̀fẹ́: wọn a tan fóònù, wọn a rin gbogbo kọ̀rọ̀, fóònù a máa fa ìlà tẹ̀ lé wọn, wọn a sì fi ìlà náà sórí ìkànnì tí gbogbo ayé ti lè rí i. Àdéhùn ibẹ̀ ò le. Ẹnikẹ́ni ló lè mú un, kó dà á kọ, kó fi ṣòwò pàápàá, bó bá ṣáà ti sọ ibi tó ti mú un. Ẹsẹ̀-ò-gbélé làdúgbò ń pe ọkùnrin náà.

"Orí ìlà àti ìrù rẹ̀ là ń gé kó tó dórí ìkànnì," ó ti ṣàlàyé fún ìyàwó rí, "kí olè má baà mọ ilé tí mo ti gbéra."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín nígbà náà. Nígbà tó yá, ẹ̀rín di ègbo. Ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìrìn dé pẹ̀lú ìfé lẹ́nu. Bí ìyàwó bá gbóúnjẹ fún un, á ní òun ti fi nǹkan panu. Panu níbo? Lọ́wọ́ ta ni? Aránṣọ ò bèèrè. Inú ló fi ń jó bí iná abẹ́ eérú.

Lọ́jọ́ kan ó ṣí ìkànnì náà, ó tẹ orúkọ ọkọ rẹ̀. Ìlà kan ń padà wá ṣáá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀: ó kọjá ilé ìfọṣọ, ó ré afárá kọjá, ó wá takókó síbì kan. Aránṣọ mọ kókó. Bí òwú bá takókó lábẹ́ ẹ̀rọ, aṣọ ló dúró lójú kan tí abẹ́rẹ́ ń gún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni fóònù: bí ẹni tó mú un bá jókòó, òun ò mọ̀, á máa fa ìlà yíká ojú kan náà. Ọkọ rẹ̀ gé orí, ó gé ìrù, ó gbàgbé ikùn.

Ilẹ̀ mọ́, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ̀ lé ìlà. Ilẹ̀kùn tuntun ló bá níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tí kò lè ṣì mọ̀. Tilé tirẹ̀ ti ń ké látèṣí, kò rẹ́ni tún un ṣe! Ó kanlẹ̀kùn. Ó gbọ́ tí wọ́n ń ṣí ìdè kan, òmíràn, òmíràn, kí ojú kan tó yọ.

Adúmáradán ni. Ẹni tí ọkọ aránṣọ ìbá fẹ́ ṣáájú rẹ̀ ká ní àwọn òbí ọmọ gbà. Ara rẹ̀ ṣì ń dán, ìyẹn ló dun aránṣọ jù.

"Ìwọ!"

"Ta ló júwe ibí fún yín?"

"Ta ni ìbá júwe? Ọkọ mi tí ò ń bọ́ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ta ló júwe ibí?"

Aránṣọ na fóònù sí i. Adúmáradán wo kókó náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gèlè yọ̀, àpá kan sì hàn láti etí dé ọrùn.

"Ọkọ mi ni mo sá fún. Orúkọ ọkọ yín ló fi ń lù mí: 'Káfíńtà yẹn lò ń rò!' Máàpù yìí ló fi ń wakọ̀ já ẹrù kiri. Bí owú bá lè gbé ẹ̀yin dé ibí, ṣé kò ní gbé òun náà dé?"

Aránṣọ pe ọkọ rẹ̀. Ó sáré dé tòun ti eruku pákó lórí. Nígbà tó rí obìnrin méjèèjì, ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Mo búra fún un pé ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́."

"O búra fún un! Èmi tí o búra fún lójú ìyá mi ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́, lo wá lọ yà á han gbogbo ayé!"

Ọkọ tẹ fóònù. "Mo ti pa á rẹ́."

"Àwọn tó ti mú un ńkọ́?"

"Àdéhùn ni. Ohun tá a bá ti fún ayé, a ò lè gbà á padà lọ́wọ́ ayé."

Aránṣọ lè yísẹ̀ padà. Kó máa lọ ilé rẹ̀, kí Adúmáradán máa bá orí ara rẹ̀ jà. Èrò náà dùn mọ́ ọn, bó ti dùn mọ́ ọn tó sì bà á lẹ́rù. Ó tún wo fóònù. Ó wá àdúgbò ìyá rẹ̀ lórí máàpù, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀.

"Kò sí ìlà kan níbẹ̀," ló wí fún Adúmáradán. "Àna tó rìn yí gbogbo ayé ká, kò rìn dé ọ̀dọ̀ ìyá ìyàwó rẹ̀ rí. Dìde, kó ẹrù ẹ. Ilé ìyá mi là ń lọ."

Ojú ọkọ là. "Olúwa á bá mi ṣe é fún ẹ. Jẹ́ kí n bá yín gbé…"

"O ò ní bá wa gbé nǹkan kan. Ìwọ lọ tún ilẹ̀kùn wa ṣe."

Àwọn obìnrin méjèèjì pa fóònù wọn, wọ́n forí lé ọ̀nà. Adúmáradán ru àpò, ó sì ń rìn bí ẹni tí ẹrù ò wúwo fún. Aránṣọ ń wò ó láti ẹ̀yìn. Ó gbìyànjú kó má bèèrè, kò ṣeé ṣe.

"Kí ló máa ń bá ẹ sọ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ yẹn?"

"Ọ̀rọ̀ yín ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Irọ́."

"Ó ní bí ẹ bá sùn, ẹ máa ń hanrun bí ẹ̀rọ ìránṣọ."

Aránṣọ dúró gbagidi láàárín títì. "Ó sọ ìyẹn fún ẹ?" Ó mí kanlẹ̀, ó tún gbẹ́sẹ̀, ó yára títí ó fi bá a dọ́gba, kó lè gbọ́ dáadáa.

"Kí ló tún sọ?"