Ìyàwó Ilé Mẹ́rin àti Eérú Ọṣẹ

Dókítà Oyèdàmọ́lá tẹ ìka mọ́ iṣẹ́ ìwádìí tí Fareedah, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní yunifásítì, kọ lórí ọṣẹ dúdú.

"Ojú-ewé íńtánẹ́ẹ̀tì mẹ́fà, àṣìṣe kan náà ló wà nínú gbogbo wọn. Ara wọn ni wọ́n ń dà kọ. Ẹnu kan ṣoṣo nìyẹn, ọmọ mi. Lọ bá àwọn tó ń se ọṣẹ. Bí n ò bá rí iṣẹ́ gidi lọ́jọ́ Ẹtì, o ò ní í bá ẹgbẹ́ rẹ jáde."

Ni Fareedah bá wọ kẹ̀kẹ́ ní Ìwó, ó di Olúpọ̀nnà, nínú agbo ilé kan tí wọ́n ti ń se ọṣẹ tipẹ́. Ìyàwó ilé mẹ́rin jókòó yí i ká. Ó kúnlẹ̀, ó tan fóònù kó lè gba ohùn wọn sílẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá mi, eérú kí lẹ fi ń se ọṣẹ?"

Ìyá Ògúnkúnlé, ìyálé pátápátá, tí ìdí rẹ̀ gba àpótí méjì, fọwọ́ lu itan pàà. "Eérú igi! Igi oko nìkan. Ìyá ọkọ mi ò kọ́ mi ní òmíràn."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni ẹnì kejì wí.

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́," ni ẹnì kẹta.

Safurat, tó kéré jù nínú wọn, kàn ń mi orí bí alángbá.

Ẹlẹ́rìí mẹ́rin, ọ̀rọ̀ kan! Díẹ̀ ló kù kí Fareedah jó. Safurat sìn ín dé etí títì, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Igi kọ́, òpó ni! Èèpo kòkó lèmi ń sun."

"Háà! Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ mi orí níbẹ̀, mà?"

"Kí n já ìyálé mi nírọ́ níwájú àlejò? Ṣé orí mi dàrú ni?"

Kẹ̀kẹ́ dúró. Ọkàn Fareedah pín sí méjì. Bó bá lọ báyìí, iṣẹ́ ti parí, ó sì dán. Àmọ́ ojú-ewé mẹ́fà ìjọ́sí náà kúkú nìyí, wọ́n kàn wé gèlè ni.

"Ẹ máa lọ, bọ̀ọ̀dá," ló wí fún ẹlẹ́kẹ̀kẹ́.

Ó padà sínú agbo ilé, ó bá wọn nídìí ààrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kejì ní èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ lòun ń lò. Ẹnì kẹta ní òun máa ń pa á pọ̀ mọ́ ti kòkó. Ìbẹ̀rù ló fi wọ yàrá Ìyá Ògúnkúnlé, tó ń fi àdín ra orúnkún.

"Ìyá, ó ku ẹ̀yin. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ wa."

Màmá yọjú wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó wá rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì.

"Èmi onídìí ńlá yìí, kí n máa wá igi kiri inú oko? Èèpo kòkó ni, ọmọ mi, látìgbà tí orúnkún ti ń dà mí láàmú. Bí àwọn ìyàwó wọ̀nyẹn bá gbọ́, ta ni yóò tún bẹ̀rù mi? Kọ ọ́ o, ṣùgbọ́n má dárúkọ mi."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Dókítà kà á, ó gbójú sókè.

"Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ wọn ò bára mu?"

"Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo bá wọn sọ ọ́, mà."

Dókítà fa bírò yọ, ó fọwọ́ sí i.